Ṣé Kékeré Dé Ire?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìwé,

Mo kí ọ kú ọdún tuntun, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àjò. Ṣé ara le? Ṣé ọkàn balẹ̀? Ìyá rẹ wà dáadáa, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú mọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ pé ó ń bínú tẹ́lẹ̀. Èmi náà wà. Etí mi ni kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń la pákó ti jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o máa kọ̀wé, kí o yé pariwo sí mi lórí fóònù bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Lẹ́tà kì í pariwo. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lè gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ kí n máa wò ó.

Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ń bi mí pé kí ni ọmọ mi ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́hùn-ún. Mo ní ìtàn. Wọ́n ní ìtàn kẹ̀? Mo ní ìtàn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ lóde òní. Wọ́n ní ta ló ń kọ́? Mo ní àwọn tó fẹ́ di dókítà. Ọkùnrin kan tó wá gba ilẹ̀kùn tí mo bá a kàn wá ní, "Bàbá, tí inú bá ń run mí, ṣé ìtàn ni wọ́n máa pò fún mi mu ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Má bínú, ọmọ mi, iṣẹ́ náà ò tíì yé èmi náà. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí o ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọdé.

Oorun ń kùn mí lọ́sàn-án báyìí. Bí mo bá ń ha pákó kó lè dán, n óò kàn rí i pé mo ti jókòó, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kan, ó ti bọ́ sí òmíràn. Kò dùn mí o. Ó dà bíi kí èèyàn léfòó lórí omi tí kò jìn. Kékeré náà kò tíì kọ̀wé. Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí, bí ẹ bá ti lọ, ẹ máa ń gbàgbé ẹni tó wà nílé.

Tètè fèsì.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Èrèlé

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà etí. Ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ ní mo gbọ́ pé wọn ò bínú mọ́, mo sì dúpẹ́.

Ẹ sọ fún oníbàárà yín pé a kì í fi ìtàn wo inú rírun. Ohun tí mo ń ṣe rèé. Àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà máa ń wá sí kíláàsì mi nílé ìwòsàn, oorun lójú wọn, ìpápánu lọ́wọ́ wọn. A máa ka ìtàn kan nípa ẹni tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, n óò ní kí ẹnì kan nínú wọn ṣe bí aláìsàn kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì gbọ́ ọ láìjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe le tó fún wọn! Aláìsàn ò tíì sọ ibi tó ń dùn ún gan-an tí dókítà á ti máa kọ oògùn. Bàbá, ẹ̀yin náà máa ń fi ọwọ́ ra pákó dáadáa kí ẹ tó fi ayùn kàn án. Nǹkan tí mo ń kọ́ wọn nìyẹn.

Mo ti kọ ìwé kan tán lórí rẹ̀. Orí kẹrin ìwé náà sọ nípa àwọn ìtàn tí ìgbàgbé ti ń bá àgbàlagbà jà nínú wọn, tí àwọn ọmọ wọn ń fi irọ́ dá wọn lóhùn torí àlàáfíà. Mo ní kò dáa. Mo ní ẹni tó bá parọ́ fún ẹni tó ń gbàgbé ti jí ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gbé. Àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ràn orí yẹn gan-an. Òun ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó pinnu bóyá kí n wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí n óò fi fẹ̀yìn tì, tàbí kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ẹ máa gbàdúrà fún mi.

Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé Kékeré kò tíì kọ̀wé. Kékeré wo? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àbúrò yín Kékeré lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ibà mú un lọ́hùn-ún, ó sì kú kó tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sílé. Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣeré ni? Ẹ dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ yín ni.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà

Kékeré, àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí àdírẹ́sì rẹ lẹ́yìn àpò lẹ́tà kan nílé yìí, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì sórí iná. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá ọ, àṣé orí tábìlì mi lo wà.

Ṣé o dé ire? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Àárọ̀ tí o lọ, ìkùukùu bo ojú ọ̀nà, mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ, mi ò rí àpótí orí rẹ, ìborí pupa yẹn nìkan ni mo ń rí tó ń lọ bíi pé ó ń dá rìn. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ti dé, n óò kọ̀wé." Mo dúró níbẹ̀ títí ìkùukùu fi gbé e mì. Mo ṣì máa ń dúró níbẹ̀. Lọ́sàn-án, bí mo bá jókòó sórí àpótí, n óò rí i pé ibẹ̀ ni mo wà, ìrì sì ń tutù lẹ́sẹ̀ mi.

Báwo ni yàrá tí wọ́n fún ọ? Ṣé ó ní fèrèsé? Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé dáadáa? Àwọn káfíńtà ibòmíràn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ta lò ń bá jẹun? Má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa ọ́, o mọ̀ pé o kì í lè sọ fún èèyàn pé ó rẹ̀ ọ́.

Kọ̀wé, jọ̀wọ́. Mi ò ní bá ọ wí pé o pẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọjọ́ kejì, oṣù Igbe

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Èmi ni mo gba lẹ́tà tí ẹ kọ sí àǹtí Kékeré. Àdírẹ́sì mi lẹ rí. Èmi ni, ọmọ yín, Ìyá Ìwé yín.

Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn yín ju kí n tàn yín jẹ. Bàbá, àǹtí Kékeré ti kú. Ó kú kí ẹ tó gbé ìyá mi níyàwó. Kò lè kọ̀wé, kò sì ní kọ ọ́ láé. Ìrántí yín ló ń da nǹkan pọ̀ mọ́ra, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìyá mi mú yín lọ rí dókítà. Kí ẹ sì máa ka lẹ́tà yìí nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún fẹ́ rú yín lójú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà gadagba.

Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi. Sí èmi gan-an.

Ọmọ yín ni.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èbìbí

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ, bí mi ò tilẹ̀ fẹ́ kí ọ. Ìyá rẹ ló ń kọ̀wé. O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìwé kíkọ, nítorí náà o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Lẹ́tà tí o kọ sí bàbá rẹ dé. Ó kà á. Ó ká a, ó ní, "Ìyá Ìwé ní Kékeré ti kú." Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún ló ṣe sunkún. Mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ó fi sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé. Ó débi tábìlì iṣẹ́, ó bá lẹ́tà níbẹ̀, o sì ní kó máa kà á. Ó kà á. Kékeré tún kú. Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá a rí. Kékeré tún kú o! Nígbà tó yá, mo dáná sun ún. Èmi tí mo máa ń kó gbogbo lẹ́tà rẹ pamọ́ bí aṣọ ìgbéyàwó, mo fọwọ́ ara mi dáná sun ún.

Mo ti mú un lọ rí dókítà. Dókítà náà gbọ́ ọ tán, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, bóyá ọmọ kíláàsì rẹ ni. Ó ní kò sí oògùn tó máa dá a padà, pé kí á máa fi sùúrù bá a gbé. Òun tó jẹ́ àjèjì mọ sùúrù.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí o lò, èwo ni? Bàbá rẹ kò bèèrè ohun tó ṣòro. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ dé ire. Jókòó, mú bírò, jẹ́ Kékeré fún un. Kí o má sì sọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ fún mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ńṣe ló ń jókòó báyìí, tó ń wo ojú ọ̀nà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Òkúdu

Ìyá mi,

Ẹ má bínú. Nínú kíláàsì ni mo ti ka lẹ́tà yín, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, mo sì sunkún lórí àga aláìsàn tí a fi ń ṣe eré. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi máa tún un kà. Mo kọ́ gbogbo ayé láti gbọ́ aláìsàn, mi ò gbọ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n jẹ́ Kékeré. Ẹ máa ní torí ìwé mi ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ni. Orí kẹrin yẹn wà níwájú àwọn àgbà báyìí, wọ́n máa pè mí láti wá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ojú wo ni n óò fi dúró níwájú wọn láti bẹnu àtẹ́ lu ohun tí mo ń ṣe ní yàrá mi?

Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá mi, bí mo bá fi ẹnu Kékeré dá bàbá mi lóhùn, Kékeré ni wọ́n á máa retí. Ọmọ wọn á máa rá lọ́kàn wọn díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo sì máa ti ara mi síta. Ta ni yóò wá jẹ́ ọmọ wọn? Mo fẹ́ kí wọ́n rántí mi. Ìwọ̀nba tó kù nínú ìrántí wọn, mo fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Ìyá Ìwé kí wọn.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ ogún, oṣù Agẹmọ

Kékeré mi,

O ò fèsì. Bóyá lẹ́tà mi ṣìnà, ọ̀nà jìn.

Ẹnì kan sọ ohun kan fún mi nípa rẹ níbí. Mi ò rántí ẹni náà, mi ò rántí ohun tó sọ. Mo kàn mọ̀ pé láti ìgbà náà, bí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà bá ti ń bọ̀, àyà mi á máa já, bíi pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ kó yà mọ́, mo sì fẹ́ kó yà.

Mo ń la pákó kan lánàá. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ, mo gbọ́ tí o ń kọrin nínú yàrá kejì. Etí tí kò gbọ́ fóònù! Mo yọjú. Èérún pákó ló ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Mo jókòó tì í títí ó fi balẹ̀ tán.

Bí ara rẹ kò bá yá, bí ibẹ̀ kò bá dáa, sọ ọ́, n óò wá mú ọ. Bí inú sì ń bí ọ sí mi, bínú dáadáa, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i. Gbólóhùn kan tó. Ṣé o dé ire?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo dé ire.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo mú bírò lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì gbé e sílẹ̀. Mo dé ire, ara mi le, ẹ yé dúró sójú ọ̀nà nínú ìrì.

Ẹ bèèrè yàrá mi. Òkè pátápátá ló wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ké bí mo bá ń gùn ún. Fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ìmọ́lẹ̀ kì í bọ́ síbẹ̀ àfi ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ta lu gíláàsì tiwọn, tó sì ta padà sí tèmi. Gbogbo yàrá á pọ́n bí osùn fún ìgbà díẹ̀. Mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè bá a nílé. N óò dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀, n kò ní ṣe nǹkan kan. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ fún aráàlú, ooru rẹ̀ máa ń gòkè wá, òórùn ọṣẹ á bo ibi gbogbo, á dà bíi pé ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi.

Ilẹ̀kùn mi ń ha ilẹ̀. Mo máa ń gbé e díẹ̀ kí n tó tì í.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́rídọ̀ rẹ̀ gùn, ó ń dán, àwọn aláìsàn máa ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ láìpariwo, bí ìgbà tí àwọsánmà bá ń lọ. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ṣàìsàn, mo sì ń kọ́ àwọn èwe bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ kọ òfin kan sílẹ̀ lórí rẹ̀, mo fi yangàn níwájú àwọn àgbà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lónìí ni mo ń rú òfin náà. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fún mi ní àkókò, pé orí kan wà nínú ìwé mi tí n kò gbà gbọ́ mọ́. Bóyá wọ́n máa gbà, bóyá wọ́n á ní kí n máa lọ.

Èmi nìkan ni mo ń dá jẹun, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ó máa ń rẹ̀ mí, n kì í sì lè sọ fún èèyàn. Àárò ilé ń sọ mí. Àárò yín ń sọ mí jù.

Ẹ sùn dáadáa.

Àbúrò yín.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà

Kékeré, Kékeré, Kékeré!

O ṣeun. O dé ire! Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá ilé, mo kà á fún ẹni tó wá ra àga, mo kà á fún ọkùnrin tó mú un wá. Ìyá ilé wọ yàrá lọ, ó ní ata ta sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gún ata. Mo jẹun dáadáa. Mo sùn bí òkúta.

Ilẹ̀kùn tó ń ha ilẹ̀, omi ló wú u, ooru ọṣẹ yẹn ni. Ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ o! Bí wọ́n bá fá a jù, òtútù á gbabẹ̀ wọlé. Má sì máa dá jẹun mọ́. Kan ilẹ̀kùn ẹnì kan.

Mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́. Mo bí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn tí o lọ, o ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ló wà. Ó ń fi ìtàn kọ́ àwọn dókítà. Iṣẹ́ gidi ni, Kékeré, má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi. Ó pẹ́ tó ti kọ̀wé sí mi. Lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò mọ ibi tó wọlé sí, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tó dùn mí sí nìkan ló kù. Bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́. Bóyá mo rẹ́rìn-ín jù.

Bí o bá rí i, kì í ṣòroó mọ̀, ó máa ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Sọ fún un pé mi ò bínú. Nǹkan ń já bọ́ lórí mi, mo ń gbọ́ ìró wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́, bí ìṣó tó ń jábọ́ nínú àpò tó lu. Lọ́jọ́ kan, orúkọ rẹ̀ máa wà nínú wọn. Kó má jẹ́ kó dùn ún. Kó má jókòó máa kọ́ mi ní orúkọ bí ọmọ iléèwé. Kó ṣáà pè mí ní Bàbá. N óò jẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Bélú

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín.

Àbúrò yín wá sí yàrá mi. Ó jókòó, a jọ jẹun, ó sì jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rán an, kò fi ìkankan sílẹ̀.

Ẹ ò ṣẹ̀ mí. N óò máa kọ̀wé; bí lẹ́tà tirẹ̀ bá dé, tèmi á wà nínú àpò kan náà. Mo ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, yálà wọ́n jẹ́ kí n wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí wọ́n ní kí n máa lọ. N óò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, n kò ní sọ orúkọ mi, n kò ní bi yín bóyá ẹ mọ̀ mí. N óò kàn pè yín.

Bàbá.